Ìpàkọ́ Lásán Ni Mo Yà

Ẹsẹ̀ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jí láàárọ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ tó lajú, ẹsẹ̀ ti ń ro ó, ó ń bi í léèrè pé ṣé a ó tún dúró lónìí ni. A ó dúró. Kí la fẹ́ ṣe? Ẹni tó ti ń dúró lẹ́yìn orí ẹlòmíì láti ìgbà ọmọge títí tó fi di ìyá àgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè ṣàì wú. Á kì wọ́n bọ inú sálúbàtà ńlá kan tí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè ní ọkọ̀ ojú omi, á sì wọ́ ara rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá yẹn náà kò ṣeé bá wí. Iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe, ọ̀sán ló fi ń sùn, yẹ̀yẹ́ nìkan ló kù tó ń fún ìyàwó rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló fún un, torí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dunni. Ẹ mọ àwọn onídìrí kan: tí wọ́n bá dirun fún ọ tán, ojú rẹ á fà sẹ́yìn, o ò ní lè sùn, o ò ní lè rẹ́rìn-ín, tí wọ́n bá sì ní kí o mú sùúrù, á wù ọ́ kí o gbá wọn létí. Ti obìnrin yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ń sùn lọ lórí àga rẹ̀, wọ́n á tún máa hanrun.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ yàrá tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń tì sókè ló wà níwájú rẹ̀, àga méjì, dígí gbọọrọ kan tó ti sán ní igun, àti dráyà kan tó máa ń pariwo ju bó ṣe ń gbẹrun lọ. Ilé ìfọṣọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín, ooru áyọ́ọ̀nù á sì máa gba ara ògiri yẹn wọlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàròyé, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ á ní kí wọ́n máa dúpẹ́, wọ́n ń lo dráyà méjì.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ló ṣí péèjì fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ sílé ọkọ. Ó ní àwọn èèyàn kì í ṣèèṣì rìn wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́, inú fóònù ni wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò di orí wọn. Ó kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò, bí wọ́n ṣe ń gbé e síta, bí wọ́n ṣe ń kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ rẹ̀. Ìyá gbọ́, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan wà tí òun ò ní yẹ̀: òun ò ní gbé ojú oníbàárà síta láéláé. Ìpàkọ́ nìkan lòun á máa yà. Kì í ṣe pé ó gbọ́n jù lọ. Oníbàárà rẹ̀ kan ló parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé ara òun ò yá, ó bá lọ dirun lọ́dọ̀ onídìrí míì, onídìrí yẹn gbé ojú rẹ̀ síta tòun tẹ̀rín, ọ̀gá náà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ láìkì. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

"Ojú ni èèyàn," ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ máa ń wí. "Ìpàkọ́ ò lórúkọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí àwọn tí kò fẹ́ kí ayé rí wọn, wọ́n sì ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé àwọn àgbà ti sọ tipẹ́ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí teni. A mọ òwe náà o. A kàn ń pa á fún ẹlòmíì ni.

Láàárín àwọn tí òfin yìí fà wá ni obìnrin kan tó ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ ẹ̀gbẹ́ wọn. Báàgì kan àti ọmọbìnrin kékeré kan ló gbé dé àdúgbò. Síkáàfù kì í kúrò lórí rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn, ni wọ́n bá ń pè é ní Onísíkáàfù. Kò bínú sí i. Kì í bínú sí nǹkan kan rárá, àfi bí ẹni tó ti bínú tán níbòmíì kó tó dé. Fóònù kékeré onítẹ̀-tẹ̀ ló ń lò, èyí tí kò lè ya fọ́tò, tí wọ́n bá sì béèrè nọ́ńbà rẹ̀, á ní òun ò tíì há a sórí.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tú síkáàfù lórí àga, ìka Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kan àpá kan lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Àpá ìjóná ni. Ó tẹ̀ kọrọdọ, ó sì ń dán. Onídìrí kì í béèrè irú rẹ̀. Egbò wà lórí, kókó wà lórí, ibi tí ìrònú ti jẹ irun tán wà lórí. Ohun tí òòyà bá bá pàdé, ẹnu onídìrí kì í tún un sọ. Ó kàn rọra dirun gba ẹ̀gbẹ́ àpá náà kọjá, ó ń sọ̀rọ̀ nípa owó iná. Obìnrin náà mọ̀ pé ó ti rí i, ó sì mọ̀ pé kò ní béèrè. Látìgbà náà ni kò ti lọ sọ́dọ̀ onídìrí míì.

Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe ń jinlẹ̀ ló ń já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: pé òun fi ọkọ kan sílẹ̀, pé ọkọ náà kò gbà pé wọ́n lè fi òun sílẹ̀, pé ibí ni ìlú kẹta tóun àti ọmọ òun á sá dé. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní, "Hùn-ún," ó ń dirun lọ. Nígbà tó pẹ́, ìka rẹ̀ mọ àpá yẹn débi pé ojú rẹ̀ kì í rí i mọ́.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá ilé ìfọṣọ ní kí Onísíkáàfù kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù, kó wá máa dúró níwájú, kó máa gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àdúgbò rí eyín obìnrin yẹn nìyẹn. Ó wá bá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ kí orí òun jọ orí ẹni tó ní iṣẹ́ gidi. Ó fẹ́ kí wọ́n kó o sókè. Ó fẹ́ bọ́ síkáàfù.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí n má parọ́, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Ó dì í wẹ́wẹ́ láti ìsàlẹ̀ ìpàkọ́, ó ń dárí wọn gòkè, ó ń lọ́ wọn mọ́ra wọn, títí gbogbo rẹ̀ fi pàdé ní àárín orí ní kókó kan ṣoṣo tí o ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ké, kò dá a lóhùn. Nígbà tó parí, ó jókòó sórí àga kejì, ó ń mí, ó ń wò ó.  Ẹ̀rín Onísíkáàfù wà nínú dígí.

"Ṣé kí n yà á?" ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ bi í.

Ẹ̀rín yẹn dín kù. "Ṣé ojú mi ò ní hàn, Màmá?"

"Ìpàkọ́ lásán ni."

Obìnrin náà ronú díẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ pé rárá fún gbogbo nǹkan, láti ìlú kan dé èkejì. Ó ní, "Ẹ yà á."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé fọ́tò náà síta pẹ̀lú àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù bó ṣe máa ń ṣe. Inú rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, ló bá fi kún un pé aládùúgbò òun lòun ṣe é fún, kí àwọn èèyàn bá òun kí i kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kí ló burú níbẹ̀? Oríire ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, ṣé ẹ ò kọ irú rẹ̀ rí?

Fọ́tò náà rìn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, àwọn tí kò mọ̀ rí ti ń kan sáárá sí i, wọ́n ń béèrè ìgbà tí àyè máa wà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní orí kan lábẹ́ ọwọ́, fóònù lórí apá àga, ó ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Ojú ń dùn ún láti máa tẹ lẹ́tà, nítorí náà ohùn ló fi ń ránṣẹ́. Èèyàn á tẹ ìka mọ́ ibì kan, á sọ̀rọ̀, tó bá ti gbé ìka kúrò, ọ̀rọ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀wé jẹ́ ọkùnrin. Ó kí i dáadáa, ó ní orí yẹn wọ òun lójú, òun fẹ́ kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ìyàwó òun. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ yíjú sí obìnrin tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó wá wo ọkọ gidi, ọkọ tó mọ̀ pé ìyàwó òun ní orí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà béèrè bóyá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà, bóyá kò tíì pẹ́. Ó ní òun ni, kò tíì pẹ́. Ọkùnrin náà ní òun ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣé òun lè fojú ara òun rí orí náà kóun tó mú ìyàwó òun wá? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tẹ ìka mọ́ fóònù, ó ní kò sí wàhálà, ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lobìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, tó bá di Mọ́ńdè, iwájú gan-an ló máa wà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé aṣọ wá á rí i.

Ọkùnrin náà dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé, "Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń dirun fún un?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tẹ ìka mọ́ fóònù. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀," ó dákẹ́. Kò tíì sọ "ni" tó kù. Ọmọ wo? Kò sí ọmọ kankan nínú fọ́tò. Kò dárúkọ ọmọ. Ẹ̀rù bà á, ó gbé ìka kúrò bí ẹni tí iná jó, ẹ̀rọ sì ṣe bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe: ó fi "bẹ́ẹ̀" náà ránṣẹ́.

Èsì tó padà wá ni pé, "Ẹ ṣé gan-an, mà."

Ó ṣí fọ́tò, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Àpá yẹn ló wà níbẹ̀ kedere, lábẹ́ irun tó kó sókè, iná ṣọ́ọ̀bù ń tàn sí i lára. Gbogbo ẹni tó ń kan sáárá, irun ni wọ́n rí. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló wo ìsàlẹ̀ irun, torí pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá àpá náà sí i. Ìpàkọ́ tí kò lórúkọ! Ìdí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ò gbà á mọ́. Ó fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní àìdìtán, ó ní kó má bínú, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri.

Onísíkáàfù ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ́wọ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dúró níwájú tábìlì, ó sọ ọ́ fún un. Nígbà tó ń sọ ọ́, ó rí i pé bí òun ṣe ń sọ ọ́ ló ń burú sí i.

"Kí lẹ sọ fún un?" ni obìnrin náà bi í. "Gbogbo rẹ̀, Màmá. Ẹ má fo ìkankan."

Ó sọ ọ́ láìfo ìkankan. Ó sọ ti ilé ìfọṣọ, ó sọ ti ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sọ ti "bẹ́ẹ̀". Onísíkáàfù lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì tó kù, ó ká a, ó tẹ́ ẹ lé àwọn yòókù, ó pa áyọ́ọ̀nù. Kò bú u. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ìbá dúpẹ́ ká ní ó bú u. Ó kàn wá síkáàfù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó fi bo iṣẹ́ tó dára jù lọ láyé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ó sì lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé ìwé.

Wọ́n sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé ìfọṣọ. Ó fi ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó aṣọ gbé ìyá àti ọmọ lọ sílé àbúrò rẹ̀ obìnrin ní àdúgbò míì, ó sì kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, àwọn ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń yọ fọ́tò kúrò. Ó yọ ọ́. Ọmọ náà ní òun yóò kúkú sọ òótọ́ fún un: ti péèjì rẹ̀ ló yọ, ohun tí àwọn èèyàn bá ti gbà sílẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí aṣọ tó bá Ọmọ́yẹ, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọjà.

Ọkùnrin náà kò dúró de Mọ́ńdè. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ó jókòó sórí àga láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Tí wọ́n bá ní kí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wá yan ọkọ fún ọmọ rẹ̀, irú ẹni tí yóò nawọ́ sí nìyẹn. Ọkùnrin náà ní òun ti dé ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ní àwọn ò ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyẹn ya òun lẹ́nu, torí pé ohùn ìyá àgbà kan wà nínú fóònù òun tó ní ó wà níbẹ̀.

Oníbàárà kankan ò sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ di ẹ̀yìn àga kejì mú. Ó ń wá irọ́ tó lè pa, irọ́ kankan ò wá. Ọkùnrin náà mú fóònù jáde, ó ní ohun míì tún rú òun lójú. Ó fi péèjì ṣọ́ọ̀bù kan hàn án, ìlú míì pátápátá, ibi tó jìnnà. Fọ́tò Onísíkáàfù ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ni péèjì náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ àwọn ló ṣe é, kí àwọn èèyàn máa bọ̀.

Inú kọ́kọ́ bí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, inú burúkú. Wọ́n jí iṣẹ́ òun! Ẹnu rẹ̀ ti yà láti ṣépè fún wọn. Ibẹ̀ ni irọ́ tó ń wá ti jókòó, àwọn olè ti bá a pa á sílẹ̀.

Ó jókòó, ó wo ilẹ̀. "Àwọn ló ni ín," ló wí. "Èmi jí i ni."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó ní ti aládùúgbò wá ńkọ́, ti ilé ìfọṣọ, ti ọmọ?

"Ọ̀gá, a fi ń pe oníbàárà ni. Ohun tẹ́ ẹ bá ti bi mí, bẹ́ẹ̀ ni ni mo máa ń sọ. Ẹ ìbá bi mí bóyá ọba ló ni orí náà, bẹ́ẹ̀ ni ni ǹ bá wí." Ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ wo ẹsẹ̀ yìí. Ṣé ẹsẹ̀ tó lè dúró ṣe irú iṣẹ́ yẹn rèé? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó dáadáa."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà ńlá yẹn. Ó wo dígí tó sán. Ó wo dráyà.  Ó ní tó bá jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, kó kọ ọ́ sórí péèjì rẹ̀, kí ayé rí i, kí òun náà rí i.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mú fóònù.  Ó kọ ọ́ pé fọ́tò irun tí òun gbé síta, òun kọ́ ló ṣe é, òun jí i ni, kí àwọn èèyàn má bínú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ọkùnrin náà kà á lórí fóònù tirẹ̀. Ó mi orí.

"Kò dáa, mà," ló wí. "Àgbà kì í jí iṣẹ́ oníṣẹ́."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí fún un.

Ọkùnrin náà jáde. Ọkọ̀ rẹ̀ wà ní oríta títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn náà a ò rí i mọ́. Bóyá ó gbà á gbọ́, bóyá kò gbà á gbọ́, ta ló mọ̀? Aráyé tètè máa ń gba ohun búburú gbọ́ nípa ẹni tí kò rówó ra dígí tuntun.

Àwọn tó gbà á gbọ́ láìsí iyèméjì ni àwọn oníbàárà. Wọ́n bú u lórí péèjì, wọ́n bú u lójú pópó. Obìnrin tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ ní àìdìtán lọ́jọ́sí sọ fún gbogbo ayé pé òun ti fura tipẹ́. Wọ́n ń lọ kan sáárá sí àwọn olè ìlú kejì, pé ọwọ́ wọn mọ́ṣẹ́. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ pè é, ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe irun yẹn, mo mọ ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Kí ló dé?"

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Báwo lọkọ rẹ?"

Kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Kò sọ fún bàbá àwọn ọmọ náà, ẹni tó jí lọ́sàn-án kan láìṣe yẹ̀yẹ́, tó kàn bi í pé ṣé kóun bá a po omi gbígbóná fún ẹsẹ̀. Ó ní kó bá òun pò ó. Ó kó ẹsẹ̀ sínú omi, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo nínú ọkàn rẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè sunkún.

Nígbà tí ara rọlẹ̀ díẹ̀, ọ̀gá ilé ìfọṣọ wá fi ọkọ̀ aṣọ gbé e lọ síbi tí ìyá àti ọmọ wà. Àárọ̀ ni. Báàgì kan ṣoṣo tí Onísíkáàfù gbé dé àdúgbò ló tún wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dì í. Ó ní òun fẹ́ kí Màmá tú orí náà kóun tó lọ, torí pé orí yẹn gan-an ni ọkùnrin náà ń wá kiri.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jókòó sórí ibùsùn, ó mú un sáàárín orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Títú rẹ̀ gbà ju dídì rẹ̀ lọ. Ó tún un dì ní ìdìkudì, èyí tó rọ̀ sílẹ̀ bo ẹ̀yìn ọrùn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ò mọ̀, òun rò pé ojú nìkan ni èèyàn.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, Màmá. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ yà á," ni Onísíkáàfù wí. "Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè yín nítorí mi. Ọlọ́run á san án fún yín." Ó mú síkáàfù rẹ̀, ó wé e. "Àmọ́ ẹ má bínú. Mi ò ní sọ ibi tí à ń lọ fún yín."

Èyí dun Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ju olè tí wọ́n ń pè é lọ. Ó ti ń retí kó sọ fún òun. Ó ti rò pé òun ti sanwó rẹ̀.  Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó kan ọmọ. Ọmọ náà wá jókòó, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn pé àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ jáde lọ gbé báàgì sínú ọkọ̀. Ó ku àwọn méjèèjì nínú yàrá.

"Màmá," ni ọmọ náà wí, "ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí à ń lọ? Orúkọ ibẹ̀ ń jẹ́..."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Má sọ ọ́ fún mi," ló wí. "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni kí o má sọ fún."

Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ títí ọmọ fi mi orí pé òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé òòyà, ó ń dirun rẹ̀ lọ.